Òdo Mẹ́sàn-án

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Monílọ́lá ti wọ inú sítọ̀ọ̀ Ìyá Làmídì ní Ọjà Ọba, ó ti ti ilẹ̀kùn, ó sì ti fa ilẹ̀kùn náà wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jókòó. Páálí òwú ìránṣọ ló yí i ká láti ilẹ̀ dé àjà, pẹ̀lú bọ́tìnnì, síìpù àti aṣọ ìtẹ́nú. Páálí wọ̀nyí ni wọ́n mú kí ibẹ̀ dára fún ohun tó wá ṣe, nítorí wọ́n máa ń gbé ohùn mì. Nínú ilé tí òun àti Ìyá Làmídì jọ ń gbé ní Isikan, bí ènìyàn bá sín ní yàrá iwájú, yàrá ẹ̀yìn ni wọn yóò ti kí i pé pẹ̀lẹ́.

Ọmọ Oǹdó ni Monílọ́lá. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ìṣirò ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé gírámà kan ní Àkúrẹ́. Lawrence, ọkọ rẹ̀, ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ iléèwé mọ̀ pé kì í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ máàkì: bí ìdáhùn bá tọ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀nà tí ọmọ gbà rí i kò sí nínú ìwé, ìdajì ni ọmọ náà yóò gbà. Kì í fi ṣọ́ọ̀kì ṣòfò, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí ẹ̀rù ti ń bá a gbélé. Ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, ó wọ ọkọ̀ èrò pé kí òun lọ kí ìyá òun ní Oǹdó. Wọ́n kọjá Òwẹ̀nà, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yí díẹ̀, ni àwọn ọkùnrin oníbọn bá jáde láti inú oko kòkó, wọ́n yìnbọn sókè. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, àwọn èrò bẹ́ sílẹ̀, oníkálùkù sá wọ igbó. Monílọ́lá wà lára àwọn tó bọ́. Ó rìn títí ó fi yọ sí abúlé kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e padà sí Àkúrẹ́, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá a ṣe ìdúpẹ́, òun náà sì jó dé iwájú pẹpẹ. Láti ọjọ́ náà kò tíì gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà Oǹdó mọ́. Bí alùpùpù bá bú gbàmù ní Arakale, yóò ti lẹ̀ mọ́ ògiri kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Nínú kíláàsì, kì í kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn mọ́; ẹ̀gbẹ́ ló fi ń kọ nǹkan sí pátákó, bí akàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni lẹ́tà dé. Wọ́n ti gbé e lọ sí iléèwé kan ní Oǹdó. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án, ni kó fara hàn níbẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá fara hàn lọ́jọ́ náà, wọn yóò kà á sí ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún náà kì í sì í ṣe ọdún tí ènìyàn ń fiṣẹ́ sílẹ̀. Epo bẹntiróòlù ti di ohun tí wọ́n ń fi ṣe àfiwé ọ̀wọ́n, gàárì ti kúrò nínú kóńgò, ó ti di ohun tí wọ́n ń fi ife bù. Owó oṣù kan yẹn lòun àti ìyá rẹ̀ jọ ń jẹ.

Bọ́láwálé, tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní ìṣirò, ló fún un ní nọ́ńbà ẹgbẹ́ kan tó ń gba àwọn tí ibi ti bá pàdé lójú ọ̀nà nímọ̀ràn lórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n sì máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dúró de àyè pọ̀ bí èrò ilé ìfowópamọ́ nígbà tí owó bébà wọ́n. Monílọ́lá rí àyè. Ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Ọlábísí, tó ń gbé ní Ìbàdàn, ni wọ́n fún un. Wọn kò tíì rí ojú ara wọn rí, nítorí Monílọ́lá kì í ṣí fídíò, kí dátà má baà tán.

Fóònù dún.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ma. Ṣé àlàáfíà ni?”

“A dúpẹ́, Ma.”

“Ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Olúwa ń ṣe é.”

“Ṣé ẹ rí àyè lọ sí gáréèjì Oǹdó bí a ṣe jọ sọ ọ́?”

“Mo lọ, Ma.”

Òótọ́ ni pé ó lọ. Ó dé ibi tí ó ti lè rí orí àwọn ọkọ̀, òórùn epo lù ú nímú, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó sì yà bàrá sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòmátò. Ó ra tòmátò tí kò nílò. Gbogbo rẹ̀ ló jẹrà dànù, ìyẹn sì dùn ún ju ẹ̀rù náà lọ.

“Báwo ló ṣe rí lára yín níbẹ̀?”

“Kò burú, Ma. A dúpẹ́.”

Monílọ́lá gbọ́ tí Ọlábísí ń ṣí ìwé. “Ìdáhùn yín sí àwọn ìbéèrè náà dára gan-an,” ni ó wí, ó sì tún ṣí ìwé náà padà.

Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni. Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé oorun ń kọ̀ yín? Ṣé ẹ̀ ń retí pé ibi kan fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹ̀ ń sá fún ibi tàbí ohun tó lè rán yín létí? Bí kò bá sí rárá, kí ènìyàn kọ òdo. Bó bá pọ̀ jù, kó kọ mẹ́ta. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Monílọ́lá ń kọ òdo mẹ́sàn-án, tí á sì fi ránṣẹ́ kíákíá.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, tí ibà dá a dùbúlẹ̀ ní Oǹdó, àbúrò bàbá rẹ̀ wọlé, ó bi í pé ara rẹ̀ ńkọ́, Monílọ́lá ní, “Ara mi ò yá.” Ìyá rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kánná létí, ní àìsàn tó wà. “Ṣé o fẹ́ fi ẹnu ara rẹ gbé e jókòó ni? Sọ pé ara rẹ ti yá!” Ó sọ bẹ́ẹ̀, tòun ti eyín tó ń gbá ara wọn. Láti ìgbà náà, kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi rí. Bí ẹnu kò bá sì gbọdọ̀ pè é, ṣé ọwọ́ ló wá yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé àwọn àjèjì ní Ìbàdàn? Ìgbàgbọ́ ló ka òdo wọ̀nyẹn sí. Ó ń kọ ohun tó ń retí, ó ń dúró kí ara rẹ̀ wá bá a níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà kúkúrú kan wọlé sórí fóònù.

“Ẹ kú oríire o. Ìdáhùn yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fi hàn pé ọkàn yín ti balẹ̀. Nítorí náà a ti parí ètò yín, a sì ti fi àyè yín fún ẹlòmíràn tó ń dúró. A bá yín yọ̀.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ nọ́ńbà tí Ọlábísí máa ń fi pè é, kò wọlé. Ó tún un tẹ̀. Ó ka ọjọ́ tó kù lórí ìka: mẹ́tàdínlógún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Làmídì bá a lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, fóònù ní ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀wà tó yẹ kó ṣà wà lórí àtẹ níwájú rẹ̀. Màríámù Àmọ̀kẹ́ ni orúkọ Ìyá Làmídì gan-an. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn aránṣọ ní Ọjà Ọba láti ọdún mọ́kànlélógún. Òun ló yọ̀ǹda sítọ̀ọ̀ rẹ̀. Kò bèèrè ohun tí Monílọ́lá ń ṣe níbẹ̀. Ó ti fún ara rẹ̀ ní ìdáhùn.

“Tíṣà! Ẹ̀ ń wo fóònù yẹn bí ìgbà tó bu yín jẹ. Ṣé ọkọ inú sítọ̀ọ̀ ti kọ̀ yín ni?”

“Ó kọ̀ mí,” ni ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Monílọ́lá, kó tó mọ̀.

Ìyá Làmídì tẹjú mọ́ ọn. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó fa àtẹ ẹ̀wà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. “Ó yá, ẹ wí.”

Monílọ́lá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Ọlábísí, ìbéèrè mẹ́sàn-án, òdo mẹ́sàn-án, lẹ́tà oríire. Ìyá Làmídì rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìborùn nu ojú.

“Ẹ dúró ná. Wọ́n bi yín pé ṣé oorun ń kọ̀ yín, ẹ ní kò kọ̀ yín rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Èmi tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàrin, tí mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín lóròòru bí ẹsẹ̀ àgbò tó mọ̀ pé Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀! Wàláì, ó yẹ kí wọ́n pè mí wá jẹ́rìí.”

“Ìyá Làmídì, kí n wá fi ọwọ́ ara mi kọ ibi sí ara mi lọ́rùn?”

“Bí nọ́ọ̀sì bá kọ ibà sínú káàdì yín, ṣé nọ́ọ̀sì ló kó ibà ràn yín?”

“Ìyẹn yàtọ̀.”

“Kò yàtọ̀. Ẹ gbọ́. Bí àwọn tó ń kó òwú wá fún mi láti Èkó bá pè mí, tí wọ́n ní, ‘Alájà, mélòó ló kù?’ tí mo wá ní ṣọ́ọ̀bù mi kún dé ẹnu, torí mi ò fẹ́ fẹnu ara mi pe òfo, ta ni yóò já òwú sílẹ̀ fún mi? Ọkọ̀ wọn á kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní òun ò ní nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ kún. Wọ́n gbà yín gbọ́, ẹ wá ń bínú!” Ó ju òkúta kan nù láti inú ẹ̀wà. “Ṣé báyìí náà lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò?”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló wọ ọ́ lára. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó fa abala kan yọ nínú ìwé eléwé ogójì, ó sì kọ nọ́ńbà láti orí kìíní dé ìkẹsàn-án. Oorun: mẹ́ta. Ìrètí ibi: mẹ́ta. Sísá fún ibi tó ń rán an létí: mẹ́ta. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ti ń jọ ti ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó rò ó pọ̀: mẹ́tàlélógún nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà, ó kọ sí i nísàlẹ̀ pé: “Irọ́ ni mo kọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òótọ́ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù fún mi.”

Bí ó ti fi í ránṣẹ́ tán ni ẹ̀rù mìíràn dé. Ó ti kọ ọ́ báyìí. Ó jókòó bí ẹni tó ti ṣí ilẹ̀kùn, tó ń retí ẹni tí yóò wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ pè é láti Oǹdó ní aago tí kì í pè. Ó fi fóònù sí etí láì lè sọ̀rọ̀.

“Monílọ́lá? Ṣé o ò gbọ́ mi ni? Mo ní ṣé wọ́n ti ń ta àgbàdo tuntun lọ́dọ̀ yín?”

Àgbàdo ni. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dáhùn, ó dágbére, ó sì lọ jókòó sórí ìdérí kànga.

Ọjọ́ Ajé kọjá, ẹgbẹ́ náà kò dáhùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Nínú ilé, ó ń wo fóònù. Lójú ọ̀nà, ó ń wo fóònù. Bátìrì rẹ̀ tán nítorí wíwò, kò sì sí iná ìjọba láti fi gba agbára sí i. Ìyá Làmídì bá a gbé e lọ sí ọjà, ó sì fi sí jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń kó iṣẹ́ ọnà sáṣọ. Ọjọ́rú ni ìdáhùn wọlé. Àyè rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n Ọlábísí ti ka ohun tó kọ, ó sì ní òun yóò lo wákàtí ti ara òun, ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ náà, Monílọ́lá kò dúró kí wọ́n bèèrè àlàáfíà. “Ẹ má bínú sí mi, Ma. Mo fi àkókò yín ṣòfò.”

“Èmi náà jẹ̀bi, Ma,” ni Ọlábísí wí. “Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti ń gbọ́ pé ohùn yín ń gbọ̀n. Mo wá ń wo nọ́ńbà yín, kò gbọ̀n. Ó yẹ kí n bi yín, mo sì dákẹ́.”

“Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀bi sílẹ̀.”

Ọlábísí rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó dáa, Tíṣà. Ẹ̀bi náà gan-an ni mo fẹ́ bi yín. Ìbéèrè keje ní, ‘Ṣé ẹ̀ ń dá ara yín lẹ́bi fún ohun tó ṣẹlẹ̀?’ Ẹ kọ mẹ́ta. Ẹ sì tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Kí lẹ ṣe?”

Nínú sítọ̀ọ̀, Monílọ́lá gbé ojú sókè, ó ka páálí mẹ́rin, ó tún un kà.

“Màmá kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀ yẹn,” ni ó wí. “Àgbà. Ó fún mi ní ẹ̀pà. Nígbà tí ìbọn dún, ó di ọwọ́ mi mú níbí.” Ó di ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ mú, bí ẹni pé Ọlábísí lè rí i. “Ó ní, ‘Ọmọ mi, má fi mí sílẹ̀.’ Mo já ọwọ́ mi gbà. Kì í ṣe pé ó yọ̀ o, Ma. Mo já a gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ kọjá, mo sá lọ. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo wá lọ jó níwájú pẹpẹ.”

“Ṣé ó kú?”

“Mi ò mọ̀. Mi ò bèèrè rí.”

“Mi ò ní sọ fún yín pé ẹ ò ṣe é,” ni Ọlábísí wí. “Ẹ ṣe é. Ìbọn ń dún, ara yín sì sá kí ọkàn yín tó rí àyè dá sí i. Méjèèjì jẹ́ òótọ́. Nígbà tí ẹ bá ronú ọ̀nà Oǹdó, àwọn oníbọn lẹ máa ń rí ni?”

“Rárá. Màmá yẹn ni. Ó ń dúró dè mí níbẹ̀.”

“Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́,” ni Ọlábísí wí. Wọ́n sọ̀rọ̀ kọjá wákàtí kan. Ní ìparí rẹ̀, ó ní kí ó má retí pé ẹ̀rù yóò tán kó tó lọ. Kó máa gbé e dání bí ẹni gbé ọmọ tó ń ké dání, kó máa rìn, kó sì máa bu ọ̀nà náà jẹ díẹ̀díẹ̀.

Monílọ́lá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó dúró ní gáréèjì fún ogún ìṣẹ́jú, ó fi aago ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ó wọnú ọkọ̀, ó jókòó títí ó fi kù díẹ̀ kó kún, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyá yìí!” ni dírẹ́bà wí. “Àná ẹ wá wò wá bí ẹran ìso, lónìí ẹ wọlé ẹ jáde. Ṣé ẹ̀ ń lọ ni àbí ẹ̀ ń bá wa ka táyà ọkọ̀?”

“Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ ni.”

“Ní ọjọ́ orí yín?”

Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Ìyá Làmídì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún wákàtí kan, ó bá a wọ ọkọ̀ dé Àpọ̀nmù. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ kíkankíkan. “Ẹ má wò mí,” ni ó wí. “Èmi náà ò fẹ́ kú. Òwú mi pọ̀ nílẹ̀.” Ní Àpọ̀nmù, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n mu omi ọlọ́ràá, wọ́n sì padà. Ó yẹ kí wọ́n dé Òwẹ̀nà. Monílọ́lá ò lè lọ.

Ọjọ́ Ajé pé. Ní aago méje àárọ̀ ó wọ ọkọ̀, òun nìkan, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fi gbé e lọ sí Oǹdó nínú báàgì. Ó ti Àpọ̀nmù kọjá. Ó ń mí bí Ọlábísí ṣe kọ́ ọ, ó ń ka mẹ́rin bó bá fà á sínú, mẹ́fà bó bá tú u jáde. Ní Òwẹ̀nà, àwọn sójà ti gbé igi dí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn na ọrùn wọ fèrèsé láti wo ojú àwọn èrò, orí ìbọn rẹ̀ sì kan ilẹ̀kùn, kọ́.

“Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀!” Monílọ́lá ti dìde. “Ẹ ṣí i fún mi! Mo fẹ́ sọ̀!”

Èrò kan ní kí wọ́n fi Jésù mú un. Dírẹ́bà ṣépè. Monílọ́lá ti wà lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ náà ṣí, tó sì lọ, ó gbé ọwọ́ lé eékún méjèèjì, ó ń bì. Nígbà tó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó yọ fóònù. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ní òdìkejì ọ̀nà, ọkọ̀ Àkúrẹ́ kan dúró, ọmọkọ̀ ń pariwo: “Àkúrẹ́ ẹyọ kan! Ẹyọ kan ló kù o, ká máa lọ!”

Ó ti rìn dé àárín ọ̀dà. Ẹyọ kan. Bí ó bá wọ̀ ọ́, ní aago mẹ́wàá yóò ti wà ní Isikan, yóò sì ti di ẹni tí kò níṣẹ́. Ọmọkọ̀ ti rí i, ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn dè é. Ní ibi tó dúró sí, ó rí obìnrin kan tó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tó sá sí etí títì, ó sì ya síbẹ̀ dípò ọkọ̀. Kò mọ̀ pé òun fẹ́ bèèrè títí ọ̀rọ̀ fi jáde.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ma. Ẹ jọ̀ọ́, ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, wọ́n dá ọkọ̀ kan dúró níwájú lọ́hùn-ún. Màmá àgbàlagbà kan wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe já sí?”

Obìnrin náà kò dá ẹsẹ̀ dúró. “Èwo nínú wọn? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Àwọn kan padà, àwọn kan ò padà. A ò bi wọ́n lórúkọ.” Ó wò ó. “Ṣé ìyá yín ni?”

“Rárá. Èmi ni mo jókòó tì í.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ni obìnrin náà wí. Ó sì ń bá kòkó rẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́rìnlá ló fi sá fún ìbéèrè yẹn, kò sì gbà ju kí ènìyàn tú ìlà kòkó kan lọ. Kò rí ìdáhùn. Kò ní í rí i láéláé, ó mọ̀ ọ́n báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ Àkúrẹ́ ti rí ẹyọ kan tirẹ̀, ó ti ṣí. Píkọ́ọ̀pù kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ń dín eré kù níwájú àwọn sójà, ó dorí kọ Oǹdó. Monílọ́lá gbé ọwọ́ sókè.

Bàbá tó wà á kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yí, Monílọ́lá kò di ojú. Etí rẹ̀ ń hó, ìka rẹ̀ ti kú lórí irin ilẹ̀kùn. Ó rí kòkó, ó rí koríko, ó rí páálí òfo kan. “Màmá, ẹ forí jì mí,” ni ó wí.

“Ẹ ní kí ni?” ni bàbá náà bèèrè.

“Èmi kọ́ ni mo bá yín sọ̀rọ̀, sà.”

Bàbá náà fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò ó, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iná. Ibẹ̀ kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn náà, ó sì gbọ̀n dé Bọ́lọ́rundúró, ó gbọ̀n dé Yábà ní Oǹdó.

Ọ̀gá iléèwé náà, Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè, jẹ́ ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó gba lẹ́tà, ó wo bàtà Monílọ́lá tó ti kún fún eruku àti aṣọ rẹ̀ tí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti bà jẹ́. Ó fa ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùkọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ṣí gègé.

“Mo mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Ẹ jẹ́ n kọ aago mẹ́jọ síbẹ̀ fún yín, kí wọ́n má baà fìwé bi yín léèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́.”

“Ẹ ṣeun, sà. Aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo dé.”

“Wọ́n á bi yín o.”

“Kí wọ́n bi mí, sà. Mo mọ ohun tí mo máa sọ.”

Ọ̀gá gbé gègé fún un, Monílọ́lá sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà náà wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

“Kíláàsì kejì kò ní olùkọ́ ìṣirò láti àárọ̀,” ni ọ̀gá wí, ó ń wo ojú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ lè sinmi títí di ọ̀la. Ara yín ńkọ́?”

“Kò tíì balẹ̀, sà,” ni Monílọ́lá wí. “Níbo ni kíláàsì náà wà?”